Ààlè Mẹ́rin Tí Mo So Sí Ọgbà Ẹ̀fọ́ Mi

Ojú ibi tí wọ́n ti gé tẹ̀tẹ̀ náà gún régé, bí ẹni pé abẹ ni wọ́n fi gé e. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn. Bó bá jẹ́ ewúrẹ́ ni, ì bá já a jákujàku, ì bá sì fi pátákò tẹ ebè mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ adìẹ ni, ì bá tan gbogbo ilẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ni, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ebè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ilé wa, mo ń fi ìka kan àwọn kùkùté kéékèèké náà níkọ̀ọ̀kan. Tẹ̀tẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí gbìn ni, kò tíì ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ebè tó ti lọ, n kò sì rí ewé kan nílẹ̀.

Mo sọ fún ara mi pé èèyàn ni. Mo dìde, mo wo féǹsì, mo wo ẹnu ọ̀nà kékeré tó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì wọlé lọ ti ìlẹ̀kùn.

Ẹni tó bá ń kà á lè máa rẹ́rìn-ín pé kí ló wà nínú ọmọ tẹ̀tẹ̀ tí àyà àgbàlagbà fi ń já. Ọ̀rọ̀ oko ló wà níbẹ̀. Oko ọkọ mi jìnnà sí ìlú, èmi àti òun la sì jọ ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ata la ń gbìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi nìkan ni mo ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ata lórí, ni àwọn ọkùnrin kan bá yọ láti inú igbó pẹ̀lú ìbọn. Ọ̀kadà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára mi, òun ni wọ́n dá dúró. Mo ju agbọ̀n sílẹ̀, mo wọ inú kòtò kan tí àgbàrá gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo dojú bolẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ti àwọn ará ọ̀kadà náà wọ igbó. Ọ̀kan nínú wọn gba orí ata mi kọjá, mo sì gbọ́ bó ṣe ń fọ́ lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ìgbà tí mo tó lè gbé orí sókè, oòrùn ti ń wọ̀.

Wọ́n padà tú àwọn èèyàn náà sílẹ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà n kò gba ọ̀nà yẹn mọ́, n kì í sì í dúró lẹ́yìn ilé wa pàápàá bí wọ́n bá ti kírun alásàrí. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì tẹ ata tútù lọ́jà, ńṣe ni mà á sá kúrò níbẹ̀.

Ọkọ mi ṣe sùúrù fún mi. Ó ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún, kò lè dá oko ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò tí mò ń sọ yìí ló pè mí jókòó.

Ó ní, "Ìyá wọn, a ò lè máa ra ata jẹ kí oko wa máa digbó. Ká jọ padà."

Mo ní, "Ẹ fún mi ní òjò kan péré. Ẹ̀yìn ilé tó fẹ̀ yìí, mo máa gbin ẹ̀fọ́ àti ata síbẹ̀. Bó bá ṣe dáadáa, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ oko mọ́."

"Bí kò bá ṣe dáadáa ńkọ́?"

Ó kàn ń wò mí.

Mo ní, "A ó padà."

Ìlérí tí mo ṣe nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí ìdí ọmọ tẹ̀tẹ̀, kì í ṣe tẹ̀tẹ̀ ni mò ń wò. Ọ̀nà oko ni.

Ọgbà náà sì ti ń dójú tì mí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ìkánjú mi ló kọ́kọ́ ba tòmátì jẹ́. Mo gba ìgbẹ́ adìẹ lọ́dọ̀ ẹni tó ń sin adìẹ ládùúgbò, ó ní kí n jẹ́ kó jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó lò ó. N kò ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo dà á sí ìdí wọn bó ṣe gbóná, wọ́n sì jóná láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ata rodo yè, àmọ́ ewé rẹ̀ káko bí ewé tí wọ́n yan lórí iná, kò sì yọ òdòdó kankan. Ewédú kò tíì ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ tó ti ń so èso, bí ọmọ tó fẹ́ gbó kó tó dàgbà. Òjò wá dá láàárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ bó ṣe máa ń dá, ṣùgbọ́n lọ́dún náà ńṣe ló dà bíi pé ó gbàgbé ọ̀nà ilé. Ilẹ̀ le koránkorán. Láràárọ̀ ni mò ń fa omi nínú kànga títí apá fi ń ro mí, bí ọ̀sán bá sì fi máa pọ́n, ojú ebè á ti là.

Ẹnì kan ló ń ràn mí lọ́wọ́. Ayálégbé wa ni, obìnrin Èkìtì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní pólì, tí ọkọ rẹ̀ wà ní Adó. Mummy ló ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lásán. Bó bá dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí èmi ti wọlé pẹ̀lú ìbẹ̀rù mi, á lọ fa omi tí yóò lò, á sì ta bíi bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì sí orí ebè fún mi kó tó kúrò níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́.

Òun náà ni mo fura sí.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí. Àmọ́ bí mo ṣe rò ó nígbà náà nìyí: òun nìkan ló ń débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn mi. Bó bá sì ti di Sátidé, òórùn ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló máa ń ti yàrá rẹ̀ jáde. Mo so méjèèjì pọ̀ mọ́ra, mo fà á le.

Bàbá tó bí mi máa ń so ààlè sí oko rẹ̀. Mo ṣì rántí ohun tó ń lò. Mo wá àkísà pupa, mo wá ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín àti ìgbálẹ̀ tó ti gbó, mo dè wọ́n pọ̀ mọ́ igi mẹ́rin, mo sì ri ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ igun ọgbà náà. Mẹ́ta kọjú sí ilé àti kànga. Ìkẹrin wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́bàá igi ewúro, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà kékeré ẹ̀yìnkùlé. Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni a máa ń gbà bọ́ sí ọ̀nà oko.

Ọkọ mi jáde wá pẹ̀lú kẹ́tùrù àlùwàlá lọ́wọ́.

"Kí nìyí?"

"Ààlè ni."

"Ìwọ tí ò ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́?"

"Olè ló ń bẹ̀rù ẹ̀, kì í ṣe èmi."

Ó wo ebè tẹ̀tẹ̀ náà títí. "Olè tó bá ń jí èyí, àánú rẹ̀ ló yẹ kó ṣeni. Ẹ̀wà ló yẹ ká gbé fún un." Ó wọlé lọ, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti inú yàrá.

Ààlè mi ṣiṣẹ́ o. Ọkùnrin alágbàṣe tó máa ń bá mi ro ìdí ilá dé lọ́jọ́ kejì, ó rí àkísà pupa, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ padà sí èjìká. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ jẹun ná." N kò rí i mọ́ títí òjò fi tán. Ayálégbé mi dé ní ìrọ̀lẹ́, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wo igi kan, ó wo èkejì, ó sì padà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ra omi lọ́wọ́ àwọn ọlọ́mọlanke. Ó ṣì ń kí mi. "Ẹ káàárọ̀, Mummy," tán, kò sí ẹ̀fẹ̀ nídìí rẹ̀ mọ́.

Mo kà á sí ẹ̀rí. Mo ní, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló ń sá fún?

Àmọ́ wọ́n ṣì ń gé tẹ̀tẹ̀. Láràárọ̀. Ebè àkọ́kọ́ tán, wọ́n bọ́ sórí èkejì, wọ́n tún gé ilá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé. Kò sí ẹni tó ń bomi rin ín ní ìrọ̀lẹ́, koríko ń ga nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ wọ ibẹ̀ ro ó, èmi nìkan ni mo wà láàárín igi mẹ́rin tí mo fi ọwọ́ ara mi rì. Mo ń bínú sí ilẹ̀, mo ń bínú sí òjò, mo ń bínú sí ọkọ mi tó ń kọjá tí kò sọ nǹkan kan. Mo tiẹ̀ ń bínú sí gbúre, tó hù fúnra rẹ̀ lórí ebè tòmátì tó kú, tó ń tutù yọ̀yọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bu omi sí i.

Ìyá àgbà kan wà ní ilé kejì sí tiwa. Ọdẹ ni ọkọ rẹ̀ kó tó kú, abúlé ni wọ́n ti wá, ilé wọn kò sì fi òrìṣà sílẹ̀ rí. Ó máa ń wá já ewúro lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ tó wá, ó dúró sí ẹnu ààlà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, kò wọlé.

"Ìyàwó, ta lo so èyí fún?"

"Olè ni, Ìyá."

"Olè wo?"

Ó na ọ̀pá rẹ̀ síwájú, ó fi tọ́ka sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kékeré kan tó rọ̀, tó wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ méjì sí tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n gé. Ó ní kí n tú u wò. Mo fi ìka tú u, mo rí ihò. Mo tún fi igi tú u sí i, mo rí ewé tẹ̀tẹ̀ tó ti rọ, tí wọ́n wọ́ sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń kó ẹrù sí àká.

Ó ní, "Ìrẹ̀ ni. Ààlè kì í mú ìrẹ̀. Ṣé ó lè ka àkísà ni?"

Èmi ọmọ àgbẹ̀, èmi tí mo ti wa ìrẹ̀, tí mo ti yan án jẹ, tí mo mọ iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ yẹn láti kékeré. Òkìtì náà wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo wò ó, mo sì kọjá lára rẹ̀ lọ wo féǹsì.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fa igi wọ̀nyí tu."

"Èmi ni mo so ó? Ẹni tó so ààlè ni í tú u, lójú ẹni tó so ó fún. Bó o bá tú u ní kọ̀rọ̀, ilẹ̀ lo tú u fún, o ò tíì tú u fún èèyàn."

"Ayálégbé wa kò mọ̀ pé òun ni."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó purọ́ pé òun kò fi ọwọ́ kan epo. "Ta ló tún ń gba ibí kọjá? Ẹ̀mí àìrí?" Ó já ewúro díẹ̀ lára ẹ̀ka tó yọ jáde sí ìta ààlà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n lọ kan ìlẹ̀kùn ayálégbé náà lọ́jọ́ yẹn. N kò lọ. Mo ń sọ pé ó di ọ̀la, ó di ìgbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó di ìgbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Mo gbìyànjú láti dá ìrẹ̀ pa. Mo da omi ọṣẹ sínú ihò tí mo rí. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ìrẹ̀ máa ń ké, igbe rẹ̀ lèèyàn fi ń mọ ihò tí ó wà, mo sì ti sọ bí èmi àti ìrọ̀lẹ́ ṣe jẹ́. Mo máa ń jókòó sínú ilé, mà á máa gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé, tí wọ́n ń ké lórí ebè mi, mà á sì máa ka iye ọ̀sẹ̀ tó kù kí òjò tó tán.

Sátidé kan ni mo wá rí ayálégbé náà tó ń fọ aṣọ níwájú ilé.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ẹ̀yìn."

"Mummy, mi ò kí ń débẹ̀ mọ́."

"Mo mọ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń pè yín."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. Mo dúró níwájú igi àkọ́kọ́, mo sọ ọ́ bó ṣe wà, nítorí pé n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo so èyí fún. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ̀ ń gé e. Ìrẹ̀ ni." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Okùn náà le.

Ó ń wo ọwọ́ mi títí mo fi tú ìkejì.

Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ tiẹ̀ so ìgbálẹ̀ mọ́ ọn. Mo sọ fún ọkọ mi lórí fóònù pé ìyá onílé fẹ́ gbá mi kúrò láyé."

"Ẹ má bínú."

"Ọjà ni mo ti ń ra tẹ̀tẹ̀ mi, Mummy. Ẹ wo èyí. Ẹ wò ó. Ọmọ ọwọ́ tẹ̀tẹ̀. Ó máa kún ṣíbí? Kí ni mo fẹ́ fi sè?"

"Ẹ má bínú."

"Mo bínú. Ẹ jẹ́ kí n bínú tán ná."

Ó dúró títí mo fi tú ìkẹta, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀. Kò bi mí bóyá ó ṣì ku òmíràn. Ewúro ti bo ìkẹrin mọ́lẹ̀, èèyàn kò lè rí i láti ibi tí a dúró sí. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Ìbínú rẹ̀ tó ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ìró bọ́kẹ́ẹ̀tì ní kànga, mo yọjú lójú fèrèsé. Ó ti ta omi sórí ebè, ó lóṣòó, ó dẹ etí sílẹ̀. Ó pè mí láìgbójú sókè. "Mummy, ẹ gbé ọkọ́ wá. Ọ̀kan ń ké níbí." Mo gbé ọkọ́, mo sì jáde. Alásàrí ti kọjá dáadáa. Mo ń wo ẹ̀yìn mi ní gbogbo ìgbà, ó rí mi, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá àgbà gbé àpótí rẹ̀ wá sí ẹnu ààlà, ó ń fi ọ̀pá darí wa. "Ẹ má gbẹ́ ẹ láti iwájú, á sá wọnú. Ìyàwó, o ti gbàgbé gbogbo nǹkan." A wa ìrẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́. A yan wọ́n pẹ̀lú iyọ̀, ọkọ mi sì jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí ọgbà mi so lọ́dún náà nìyẹn. Ayálégbé mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Òótọ́ ló sọ. Òjò padà dé, mo tún tẹ̀tẹ̀ gbìn, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Mo rí ìdì díẹ̀ ká, mo rí ilá fún ọbẹ̀ bíi mélòó kan. Ata kò so ẹyọ kan. Ata tí mo fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ gan-an nìyẹn.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo lọ mú aṣọ oko mi láti ìsàlẹ̀ àpótí, mo sá a sóòrùn. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe é. Mo ti ṣe ìlérí ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọkọ mi ti mọ́ṣáláṣí dé lẹ́yìn alásàrí, mo gbé oúnjẹ fún un. Gbúre tó hù lórí ebè tòmátì ni mo fi se ọbẹ̀ náà.

Ó ní, "Ata ọjà ni?"

"Ata ọjà ni."

"Ọgbà yẹn ò ṣe dáadáa."

"Kò ṣe dáadáa."

Ó jẹun tán, ó fọ ọwọ́, ó ń wo aṣọ oko tó wà lórí okùn lóde. Ó ní, "Mo lọ lánàá."

"Lọ síbo?"

"Oko. Mo gun ọ̀kadà. A dé ibi igi ìrókò tó wà lójú ọ̀nà yẹn, ọlọ́kadà ní òun ò kọjá ibẹ̀. Mo ní kò burú, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín. Mo dúró. Mo wo ọ̀nà náà títí. Ẹsẹ̀ mi ò gbé." Ó yíjú sí mi. "Mi ò lè ní kó o gba ibi tí èmi ò lè gbà."

Ó sọ pé òun ti pe àbúrò òun tó ń gbé ní abúlé tó wà ní ìhà kejì oko náà, tí kì í gba ọ̀nà tiwa. Ó ti ní kó máa dáko náà, kó máa fi ohun tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ránṣẹ́ sí wa bó bá kórè. "Ọ̀rọ̀ oko tán. Lọ ká aṣọ yẹn."

Ó yẹ kí n dúpẹ́. Inú ló kọ́kọ́ bí mi. "Ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà, ẹ wá ń wò mí tí mò ń fa omi láti oṣù kẹrin?"

Ó ní, "Ìwọ lo ní kí n fún ẹ ní òjò kan. Èmi náà ń retí kí ata so."

Mo dìde, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ó tẹ̀ lé mi. Wọ́n ti pe alásàrí tipẹ́, ìrẹ̀ tó ṣẹ́ kù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo fi ọwọ́ ya ewúro sọ́tọ̀, igi ìkẹrin wà níbẹ̀, àkísà rẹ̀ ti jẹrà, ìkarahun ìgbín kún fún omi òjò.

"Ó ṣì ku ọ̀kan? Ta lo so ìyẹn fún?"

Àwọn oníbọn yẹn ni mo rò pé mo so ó fún, láti ìgbà tí mo ti rì í síbẹ̀. Àṣé òun, tó fẹ́ kí n gba ibẹ̀ padà sí oko, ni. Mo ní kó dúró sí ibi tó wà, kó máa wò mí. Ó dúró. Okùn náà ti rà, kò gba agbára kankan. Mo fà á já, mo da omi inú ìgbín sí ìdí ewúro, mo sì kó ìyókù dání lọ síbi tí a ti ń jó ìdọ̀tí.